Ẹ̀rí Iṣẹ́ Ni A Ó Máa Jẹ́

Àwa tí a pawọ́ pọ̀ kọ ìwé yìí kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Aránṣọ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà nínú wa, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà ní Yábàá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníṣirò owó tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ rí àti ọ̀gá tó ti dá ènìyàn dúró rí. Ẹlòmíràn nínú wa ń gbé London, ẹlòmíràn kò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ohun tó kó wa jọ ni pé ó ti sú wa kí iṣẹ́ máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ènìyàn nínú ọ́fíìsì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa jókòó sílé.

Ó sì ti sú wa kí àwọn àgbà máa tan ọmọ jẹ pé kó sáà ti gbájú mọ́ ìwé rẹ̀, pé bí èsì ìdánwò bá ti dáa, iṣẹ́ yóò wá a wálé. Ènìyàn ni yóò gbọ́ pé àyè ṣí sílẹ̀. Ènìyàn ni yóò dárúkọ ẹni níbi tí ẹni kò sí. Ènìyàn laṣọ, a ò bá ọ̀rọ̀ yẹn jà rárá. Ohun tí a ń bá jà ni bí a ṣe ń lo ènìyàn: ní kọ̀rọ̀, fún ẹni tí a kò rí iṣẹ́ rẹ̀ rí, tí ẹni tó mú un wá kò sì ní dáhùn fún ohunkóhun bí nǹkan bá bàjẹ́. Ohun tí a gbà àti ohun tí a kọ̀ ló wà nínú ìwé yìí. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ ọn kò ṣẹ̀ wá, kó sáà má ti wọ ẹgbẹ́ wa.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ wíwá iṣẹ́ ní Nàìjíríà, kó máa rántí ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014. Lọ́jọ́ náà, iléeṣẹ́ Immigration tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ní bodè pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìdánwò. Àyè tó wà nílẹ̀ kò tó 5,000. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ti san ₦1,000 kó tó débẹ̀. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Mínnà àti ní ìlú Benin, èrò ya lu ara wọn. Àwọn tó kú kò dín ní 15, aboyún sì wà lára wọn.

Wọ́n mú ìwé-ẹ̀rí dání lọ. Gbogbo ohun tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ni ẹnì kan tí yóò sọ pé, "Mo mọ ọmọ yìí, mo mọ ohun tó lè ṣe." Níbi tí ènìyàn 500,000 bá ti ń dupò 5,000, tí ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kí ló fẹ́ fi yà wọ́n sọ́tọ̀? Nílẹ̀ tiwa yìí, ohun méjì ló sábà máa ń kù: agbára ẹsẹ̀, tàbí sìlọ́ọ̀tì tí àwọn ẹni ńlá ń pín fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kí ìpolówó iṣẹ́ tó jáde. A kọ méjèèjì.

Àwọn ìyá wa lọ́jà ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Samuel Johnson ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, William Bascom sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá ka Bascom. Ẹ lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ bá àwọn aláta dá èsúsú. Wọn kò ní kọ́kọ́ béèrè iye tó wà lọ́wọ́ yín. "Ta ló mú yín wá?" ni wọn yóò béèrè. Ẹni tó mú yín wá ni onígbọ̀wọ́ yín. Bó bá kàn yín lóṣù kejì, tí ẹ kó owó tán tí ẹ kò dá mọ́, ìsọ̀ onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò gbà lọ. Yóò san án nínú èrè ata rẹ̀, yóò sì gbọ́ èébú lé e. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní mú ẹni tí kò dá a lójú wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo yìí ló ń ṣọ́ owó tabua tí ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ̀wé lé lórí.

Àmọ́ ìyá aláta kan náà yìí, bí ọmọ rẹ̀ bá jáde ní Poli, yóò wá kọmíṣọ́nnà kan rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kúnlẹ̀, yóò ní kó bá òun fi ọmọ náà síbì kan. Kọmíṣọ́nnà kò mọ̀ bóyá ọmọ náà lè ṣírò àbí kò lè ṣírò. Yóò kọ nọ́ọ̀tì fún un. Bí ọmọ náà bá wá ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ta ni yóò lọ bá kọmíṣọ́nnà ní ìsọ̀ rẹ̀?

Ìlànà wa àkọ́kọ́ nìyí, òun sì ni ìyókù dúró lé lórí: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ jẹ́rìí iṣẹ́ tí kò fojú ara rẹ̀ rí, ẹni tó bá sì jẹ́rìí, orúkọ tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí a mú wá bá ṣe dáadáa, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó mú un wá. Bó bá ṣe é níṣekúṣe, a ó kọ ìyẹn náà. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá ti já ní ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò sinmi ẹ̀rí jíjẹ́ fún ọdún kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ẹ̀rí ṣe ń rí, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú nìyí. Èyí tó ń wọlé sórí wasáàpù wa lójoojúmọ́ rèé: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa ni. Ọmọ dáadáa ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ bá wa ràn án lọ́wọ́." Kí ni agbanisíṣẹ́ fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ wá wo òmíràn: "Ó rán aṣọ mọ́kànlá fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Méjì pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú pé wọn yóò pẹ́. Ọrùn aṣọ kankan kò sún. Kò mọ owó gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ fi ẹlòmíràn sídìí ìyẹn." Ẹni tó ka èyí mọ ẹni tó fẹ́ gbà, ó mọ ibi tí yóò ti kìlọ̀ fún un, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ jókòó tì í rí. Ẹ̀rí tí kò bá ní àléébù kankan nínú, a kò ní gbà á. Ìyìn lásán ni, ìyìn lásán kì í sì í ran aláìníṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ní i.

Ẹni tí a ó jẹ́rìí fún kò ní láti jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Ó tilẹ̀ sàn kó má jẹ́ ọ̀rẹ́. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní àdúgbò kan lẹ́bàá Boston, ó ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Láàrin àwọn tó jẹ́ pé ènìyàn ló ta wọ́n lólobó, àwọn tó máa ń rí ẹni náà déédéé kò ju 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 27.8 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ní 2022, àwọn olùwádìí mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà wò lórí LinkedIn, láàrin àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Ojúlùmọ̀ ṣì ni ó ń múni rí iṣẹ́ jù, kì í ṣe àjèjì pátápátá, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́.

Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ni èmi náà gbọ́. A jọ ń lọ òde kan náà ni. Ẹni tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kàtsínà, tí a ti rí ara wa kẹ́yìn nígbà tí a ń kó ẹrù kúrò níbẹ̀, ibikíbi tó bá wà lónìí, ìròyìn tí kò lè dé etí wa ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Láti 1973 tí ìjọba Gowon ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ló ti ń kó ọmọ Ìjẹ̀bú lọ bá ọmọ Tív, tó ń tẹ́ ọmọ oníṣègùn àti ọmọ onímọ̀ ẹ̀rọ sórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Irú ọrọ̀ wo ló tún ju ìyẹn lọ? A ń jáde níbẹ̀ tán, a ń sọ nọ́ńbà ara wa nù. Ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ wa yóò kọ́kọ́ lọ wá àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Kó má tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Kó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kó sọ tirẹ̀.

A gbà pé ẹ̀bùn kì í fara hàn nínú fáìlì. Ibi tó ti ń fara hàn ni ibi tí ẹni tó ní in bá ti ń ṣiṣẹ́ lójú ẹni tó mọ iṣẹ́. Òṣogbo kọ́ wa ní èyí. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, olùkọ́ àti akọrin tí àwọn ará ìjọ rẹ̀ ti bá wí nítorí pé ó gbé ìlù wọ inú orin ṣọ́ọ̀ṣì, sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibi eré àti àwòrán. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ló bá a gbé e kalẹ̀. Mbari Mbayo ni wọ́n pè é. Ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀. Jimoh Buraimoh ló ń bá ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ tan iná orí ìtàgé. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló mọ̀. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń ṣeré ó sì ń lùlù. Rufus Ogundele àti Jacob Afọlábí, òṣèré ni wọ́n. Táíwò Ọlániyì, tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó kiri fún àwọn tó ń polówó oògùn kó tó yà síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ìwé mẹ́wàá.

Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán tó di ìyàwó Ulli, kó ọ̀dà àti bébà fún wọn, ó sì dúró wò wọ́n. Iṣẹ́ ńlá tó ṣe kò ju pé ó wò wọ́n lọ: ó rí i pé ọwọ́ oníkálukú yàtọ̀, kò sì fi tipátipá sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Buraimoh bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, òun ni gbogbo ènìyàn sì ń tọ́ka sí títí dòní bí a bá dárúkọ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Oyèlámì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. UNESCO fi Seven-Seven ṣe Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà ní 2005. Àwọn Beier ò dúró síbi wíwò, wọ́n gbé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ náà lọ sí àfihàn ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn níwájú àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Òṣogbo rí. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí nìyẹn.

A kò ní fi Òṣogbo ṣe ìtàn àdídùn o. Àwọn tó lẹ́bùn tó bẹ́ẹ̀ wà ní Ìkìrun, wọ́n wà ní Ìwó, wọ́n wà ní Ẹdẹ lásìkò kan náà. Wọ́n kú sídìí iṣẹ́ tí kò bá wọn lára mu torí pé wọn kò gbé ibi tí ilẹ̀kùn Ládiípọ̀ ti lè kàn wọ́n. Nítorí náà, gbogbo ọ̀gá tó bá wà nínú wa, ì báà ṣe mẹkáníìkì tàbí agbẹjọ́rò, yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lóṣù. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá, yálà a mọ̀ ọ́n tàbí a kò mọ̀ ọ́n. A ó fún un ní ohun kan ṣe, a ó sì dúró wò ó. Kò ní san kọ́bọ̀, àwa náà kò sì ní jèrè ohun tó bá ṣe lọ́jọ́ náà; bó bá ṣe é tó dára tó ṣeé tà, owó rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo wa la ti lọ òde fìrídọ̀mù rí. Ọmọbìnrin kan ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbé e jókòó láàrin, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà, ìyá rẹ̀ pín abọ́ onírọ́bà tí wọ́n tẹ fọ́tò rẹ̀ sí, ẹgbẹ́ télọ̀ wọṣọ kan náà wá, wọ́n fún un ní sísọ́ọ̀sì àti ìwé-ẹ̀rí tí a fi gíláàsì bò. Ìwé náà kò sọ ju pé ó ti parí iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gé bùbá bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Kò ní sọ ọ́ síta láéláé, ẹ̀rù ń bà á kí àwọn oníbàárà má tẹ̀ lé ọmọ náà. A mọ ẹ̀rù yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ọ̀gá náà lówó ilé láti san. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá wà nínú wa yóò dìde lọ́jọ́ fìrídọ̀mù, yóò sọ níwájú gbogbo ènìyàn ohun kan tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe jù, yóò kọ ọ́ sínú ìwé náà, yóò sì mú un lọ bá oníbàárà mẹ́ta tó ń gbé ọ̀nà jíjìn. Ọmọ iṣẹ́ náà yóò sì ṣèlérí pé òun kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà kan náà kí ọdún méjì tó pé. Àǹfààní kan fún àǹfààní kan ni.

Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá ibi tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́ fún I.T. náà ńkọ́? Àjọ ITF dá ètò SIWES sílẹ̀ ní 1973 kí ọmọ ilé-ìwé lè fojú rí iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Ẹ wo bí ó ṣe rí lónìí. Ọmọ gbé lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń ti Allen rìn dé Ọpẹ́bí ní Èkó nínú oòrùn, máígàdì ló ń gba lẹ́tà náà lẹ́nu géètì, níbẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ẹni tó bá ríbì kan wọlé, fọ́tòkọ́pì ló ń ṣe, òun ló ń lọ ra oúnjẹ fún àwọn àgbà. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ jẹ́ ti wa yóò yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ tí yóò máa ka lẹ́tà wọ̀nyí, yóò sì dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, ì báà jẹ́ "Kò sáyè" nìkan ni. Ọmọ tó bá wọlé kò gbọdọ̀ kúrò láìjẹ́ pé ó ṣe iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ìpolówó iṣẹ́: iye owó oṣù ni kó kọ́kọ́ hàn. Ẹni tí kò bá lè sọ iye tí yóò san, kó má wulẹ̀ pe ènìyàn. Ẹni tó bá sì ń wá ọmọ ọdún 25 tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, kó lọ bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tó fẹ́ kí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Owó kò gbọdọ̀ wọ àárín ẹlẹ́rìí àti ẹni tó ń jẹ́rìí fún. Àdéhùn 181 tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní 1997 ti sọ ọ́ pé iléeṣẹ́ aládàáni tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi níbi tí ìjọba bá ti yọ nǹkan sọ́tọ̀ kedere. Àwa kò yọ ohunkóhun sọ́tọ̀. Ì báà jẹ́ "owó fọ́ọ̀mù" ni wọ́n pè é, tàbí "owó bíbá ọ̀gá rí", tàbí "nǹkan àwọn ọmọ", a kò gba ìkankan. Ẹni tó bá sì ní kí obìnrin wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì kí òun tó dárúkọ rẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó sì sọ ìdí tí a fi yọ ọ́ síta. Ojú tí a ń dì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àwọn tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní London ní 1925 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà yẹn, onílé tó bá rí ènìyàn dúdú lẹ́nu ọ̀nà lè ní yàrá ti tán. Ṣólańkẹ́ padà wálé, ó rin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1929 sí 1932, ó ń tọrọ owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wọ̀ sí. Ní 1933, ilé náà ṣí ní Camden Town. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ ibi tí yóò gbà lọ, yóò sì bá àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ dé níbẹ̀, tí wọ́n lè sọ fún un bí nǹkan ṣe ń lọ.

A kò ní kí ẹ kọ́lé. A kò tilẹ̀ béèrè owó lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni a ń béèrè. Ẹ sọ iye oṣù tí ẹ fi tọ́jú arúgbó kí ẹ tó gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì yín. Ẹ sọ ìdánwò tí ẹ kùnà àti iye tó gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò yìnyín àti mọ́tò ránṣẹ́ sílé, tí kò sọ ti ṣíìfù òru, ó ń kó àbúrò rẹ̀ sí gbèsè. Ẹni tó sì wà nípò tó lè gba òṣìṣẹ́, tó lè fún ọmọ Ilé-Ifẹ̀ níṣẹ́ tí yóò máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà láìkúrò nílé, kó má fi pamọ́ fún ìbátan nìkan.

LinkedIn bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Nígbà tí Microsoft rà á ní 2016, iye tó san lé ní dọ́là bílíọ̀nù 26. A kò bínú sí i, àwọn kan nínú wa rí iṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ a rí ẹni tó ní ojúlùmọ̀ 5,000 lórí rẹ̀ tí kò lè sọ gbólóhùn kan péré nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan nínú wọn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹnì kan kò gbọdọ̀ dúró fún ju ènìyàn mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dájú pé kò tún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ fún ẹni tó ń béèrè. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ń wá iṣẹ́. Iṣẹ́ yòówù" kì í jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣoore mọ ibi tí yóò gbà. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ fi ọ̀kan tí ẹ ti ṣe hàn, ẹ béèrè ohun kan tí ẹni náà lè ṣe láàrin ogún ìṣẹ́jú: kó wò ó, kó sọ ibi tó kù sí, kó dárúkọ ẹni tó yẹ kí ẹ tún lọ bá. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ jábọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ló rí, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Àwa fi kún un pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ni: ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ já sí kò lè mọ̀ bóyá ojú òun ṣì ń ríran. Àní bí wọn kò bá gbà yín, ẹ padà lọ sọ fún un.

Ẹgbẹ́ yìí kò ní ààrẹ, kò ní pátírọ́ọ̀nù, a kì í sì í kí onípò kankan ní ìpàdé ju orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Ìpàdé kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí méjì. Ìdajì rẹ̀ ni a ó fi gbọ́ ẹ̀rí, ìdajì ni a ó fi gbọ́ ibi tí àyè ṣí sílẹ̀ sí. Kò sí ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó má kọ lẹ́tà nípa ara rẹ̀ wá. Kó mú ẹ̀rí ẹyọ kan wá nípa iṣẹ́ ẹlòmíràn tó ti fojú ara rẹ̀ rí, pẹ̀lú àléébù rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.